Ìró tó dà bí àṣìtẹ̀: àlàyé lórí sònátà Scarlatti kan

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ orin yìí, mo rò pé ẹni tó ń tẹ dùùrù náà ń ṣì í tẹ̀ ni. Ọwọ́ ọ̀tún ń tẹ ohùn kan náà léraléra, kíákíá, bí ìgbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀ sórí páànù. Ọwọ́ òsì wá ń gbá kọ́ọ̀dù sí i, ìyẹn ohùn mélòó kan tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ àwọn ohùn inú kọ́ọ̀dù náà kò bára wọn rẹ́, ńṣe ni wọ́n ń jà. Mo dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ìjà náà ò kúrò. Mo wá ẹlòmíràn tó tẹ orin yìí kan náà, ìjà ṣì wà níbẹ̀, ní ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà pé àṣìtẹ̀ kọ́. Ẹni tó kọ orin náà ló mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Sònátà Domenico Scarlatti kan ni, ní kíì D máínọ̀ (ìyẹn ni pé ohùn D ni orin náà fi ṣe ilé), èyí tí wọ́n ń pè ní K. 141. Kò gùn rárá. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Síbẹ̀, ó máa ń da ojú rú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó kọ́ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì á bi mí pé ṣebí wọ́n ní sònátà máa ń ní apá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ló dé tí èyí fi jẹ́ ẹyọ kan? Ẹlòmíràn á wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á rí K. 141 níbì kan, á rí L. 422 níbòmíràn, kò ní mọ èwo ni òun ń wá. Ẹnì kan á gbọ́ ọ lórí píánò, á tún gbọ́ ọ lórí ohun èlò mìíràn tó ń dún bíi gìtá onírin, á rò pé orin méjì ni. Ìbéèrè tó sì máa ń wá gbẹ̀yìn, tí wọ́n fi ìtìjú bi mí, ni èyí tí èmi náà béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ṣé kì í ṣe pé ó ṣì í tẹ̀?

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ẹni tó kọ ọ́, nítorí ibi tó gbé ayé wà nínú orin náà. Naples ní Ítálì ni wọ́n bí Scarlatti sí, lọ́jọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1685. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bí Bach àti Handel ní Jámánì. Bàbá rẹ̀, Alessandro Scarlatti, jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn tó ń kọ opera, ìyẹn eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe, nígbà náà, òkìkí rẹ̀ sì kàn ju ti ọmọ lọ fún ìgbà pípẹ́. Domenico ṣiṣẹ́ ní Venice, ó ṣiṣẹ́ ní Róòmù, ó darí ẹgbẹ́ akọrin ní Vatican. Ìtàn kan tí ẹni tó kọ ìgbésí ayé Handel tẹ̀ jáde lọ́dún 1760 sọ pé òun àti Handel figa gbága nílé Kádínà Ottoboni ní Róòmù: lórí ọ́gàánì, Handel ló borí, kò sí iyàn, lórí hápísíkọ́ọ̀dù (ohun èlò tó ń dún bíi gìtá onírin yẹn), wọn ò lè fẹnu kò, àwọn kan tiẹ̀ ní Scarlatti ló mọ̀ ọ́n jù.

Àmọ́ bó bá jẹ́ Ítálì ló kú sí, bóyá la ò bá máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Lọ́dún 1719, ó lọ sí Lisbon, láàfin ọba Pọtogí, João Karùn-ún. Wọ́n fi ọmọbìnrin ọba, Maria Bárbara, lé e lọ́wọ́ kó máa kọ́ ọ ní orin. Ọmọ náà ní ẹ̀bùn, ó sì ní ọwọ́. Nígbà tó fẹ́ Ferdinand, àrólé ọba Sípéènì, lọ́dún 1729, olùkọ́ rẹ̀ bá a lọ. Wọ́n kọ́kọ́ gbé ní Seville, lẹ́yìn náà, lọ́dún 1733, wọ́n kó lọ sí Madrid. Ibẹ̀ ni Scarlatti wà títí ó fi kú lọ́jọ́ 23 oṣù keje ọdún 1757. Nígbà yẹn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti di ayaba Sípéènì. Ẹ̀rí fi hàn pé nítorí obìnrin kan ṣoṣo yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn sònátà náà ṣe wà. Wọ́n jẹ́ 555.

Ó dára, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà, sònátà. Nínú èdè Ítálì, sonare ni kí nǹkan dún, cantare ni kí ènìyàn kọrin, toccare ni kí ènìyàn fọwọ́ kan nǹkan. Nítorí náà, ohun tí wọ́n bá fẹnu kọ ni cantata, ohun tí wọ́n bá fi ohun èlò mú dún ni sonata, ohun tí ìka ń sáré lórí eyín dùùrù láti ṣe ni toccata. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ láyé ìgbà náà. Ètò alápá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n fi ń kọ́ wa lónìí, àwọn tó wá lẹ́yìn Scarlatti, bíi Haydn, Mozart àti Beethoven, ló mú kó rinlẹ̀ fún orin píánò. Kò yẹ ká fi òṣùwọ̀n wọn wọn ẹni tó ṣáájú wọn. Scarlatti fúnra rẹ̀ kò tiẹ̀ di orúkọ náà mú pinpin: ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní London ní nǹkan bí ọdún 1738 sí 1739, tó ní orin 30 nínú, Essercizi ló pè é, ìyẹn ìdánrawò, àmọ́ bí ẹ bá ṣí i, sònátà ló wà lórí orin kọ̀ọ̀kan. K. 141 tí à ń sọ yìí náà, àwọn kan ń pè é ní Toccata. Wọn ò purọ́.

Ti nọ́ńbà rọrùn ju bó ṣe rí lójú lọ. A ò rí ẹyọ sònátà kan tí Scarlatti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ tó ṣẹ́ kù. Àwọn adàwékọ ló dà wọ́n kọ sínú ìwé ńláńlá fún ayaba. Ayaba fi ìwé orin rẹ̀ sílẹ̀ fún Farinelli, gbajúmọ̀ akọrin tó wà láàfin wọn, òun ló sì kó wọn padà lọ sí Ítálì. Ìdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà ní Venice lónìí, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn wà ní Parma. Láàárín ọdún 1906 sí 1910, ọmọ Ítálì kan, Alessandro Longo, tẹ èyí tó lé ní 500 nínú wọn jáde, ó sì fún wọn ní nọ́ńbà tirẹ̀, èyí ni L. Ó to àwọn tí kíì wọn bára mu pọ̀, nítorí náà nọ́ńbà L kò sọ èyí tó ṣáájú fún wa. Lọ́dún 1953, Ralph Kirkpatrick, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń tẹ hápísíkọ́ọ̀dù, ṣe ìwé ńlá lórí Scarlatti, ó tún gbogbo wọn tò bí àwọn ìwé àdàkọ náà ṣe tẹ̀lé ara wọn. Èyí ni K, tàbí Kk. Ẹnìkan tún ṣe èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P. K ni kí ẹ dì mú. K. 141 àti L. 422, orin kan náà ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi wá dé: ohun èlò náà.

Èdè wa ti ṣe àlàyé tó yẹ kí n ṣe tẹ́lẹ̀. À ń tẹ dùùrù, à ń ta gìtá, à ń lu ìlù. Píánò òde òní, bí ìka bá tẹ̀ ẹ́ níta, lílù ló ń ṣẹlẹ̀ nínú: òòlù kékeré kan tí wọ́n fi aṣọ kíki bò lórí á fò sókè, á lu wáyà. Hápísíkọ́ọ̀dù, bí ìka bá tẹ̀ ẹ́ níta, títa ló ń ṣẹlẹ̀ nínú. Ó jọ píánò lójú, àmọ́ gìtá ló bá tan nínú ikùn.

Ẹ fojú inú wo eyín dùùrù kan, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn funfun tàbí dúdú tí ìka ń tẹ̀. Ní ìdí rẹ̀ lọ́hùn-ún, igi pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró lóòró lé e lórí. Láti ara igi náà, ègé ìdí ìyẹ́ ẹyẹ kan yọ síta bí orí èékánná. Bí ìka bá tẹ eyín, igi náà á gòkè, èékánná náà á fi orí ha wáyà lábẹ́, á gbé e díẹ̀, á jáwọ́ lára rẹ̀: tín! Bí ìka bá kúrò, igi náà á sọ̀kalẹ̀. Èékánná náà á ní láti kọjá lára wáyà nígbà tó ń bọ̀ nílẹ̀, àmọ́ wọ́n ti so ó mọ́ ahọ́n kékeré kan tó lè yẹ̀ sẹ́yìn, kó lè rá kọjá láìta wáyà lẹ́ẹ̀kejì. Ègé aṣọ kan tó wà lórí igi náà á wá bà lé wáyà, ìró á dákẹ́. Gbogbo èyí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìka bá kan eyín.

Ohun kan wà tí ohun èlò yìí kò lè ṣe, ohun náà ló sì bí ìjà tí mo gbọ́ lọ́jọ́ kìíní. Lórí píánò, bí o bá rọra tẹ̀ ẹ́, á dún jẹ́jẹ́. Bí o bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, á ké. Hápísíkọ́ọ̀dù kò mọ ìyẹn. Èékánná yẹn á ta wáyà bákan náà, yálà o pọ́n ọn lé tàbí o bá a jà. Báwo wá ni ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ṣe máa tẹnu mọ́ nǹkan? Báwo ni á ṣe pariwo níbi tó yẹ kó pariwo? Kò lè fi agbára kún ohùn kan. Ohùn mìíràn ló lè fi kún un. Bí ohùn mẹ́ta bá dún pọ̀, wọ́n pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Bí mẹ́fà bá dún, wọ́n pọ̀ ju mẹ́ta lọ. Bí àwọn tó wà láàárín mẹ́fà náà bá sì ń rọ́ lu ara wọn, etí á ta kìjí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ sólífà, ẹ bá mi kálọ. Kọ́ọ̀dù máínọ̀ tó mọ́ tónítóní ni là, dò, mí. Ohùn mẹ́ta ni, àlàfo wà láàárín wọn, kò sẹ́ni tó tẹ ẹnìkejì lẹ́sẹ̀. Ẹ wá fi tì sáàárín là àti dò. Ẹ fi rè sáàárín dò àti mí. Là, tì, dò, rè, mí, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, lábẹ́ ọwọ́ kan. Ìró náà ṣì jẹ́ kọ́ọ̀dù máínọ̀, etí mọ̀ ọ́n, àmọ́ ó ti gbóná, ó ti hó. Àwọn ará Ítálì ní orúkọ fún irú ohùn àfikún bẹ́ẹ̀: acciaccatura, láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí a fọ́ nǹkan mọ́lẹ̀, kí a rún un. Scarlatti kọ́ ló dá a sílẹ̀. Francesco Gasparini ti kọ́ àwọn tó ń tẹ hápísíkọ́ọ̀dù bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Venice lọ́dún 1708. Ohun tí àwọn yòókù ń fi bí ata díẹ̀, tí ìka máa ń tètè kúrò lórí rẹ̀, Scarlatti ló bù ú sọ́bẹ̀ bí ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ jẹ.

Gìtá wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Gìtá Sípéènì ayé ìgbà náà ní okùn onípele márùn-ún: A, D, G, B, E. Àwọn tó ń ta á fún ijó kì í fi ìka ṣa okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ńṣe ni wọ́n máa ń fi ẹ̀yìn èékánná gbá gbogbo rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan: ràà! Bí ẹni náà bá di D máínọ̀ mú lọ́wọ́ òsì, tí kò sì ráyè pa ẹnu àwọn okùn tí kò kàn án, E àti G á bá a dún. Ẹ ṣírò rẹ̀ lórí sólífà: bí D bá jẹ́ là, E ni tì, G ni rè. Àwọn ohùn méjì tí mo ní kí ẹ fi kún kọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan ni. Nítorí náà, nígbà tí ọwọ́ òsì bá ń gbá kọ́ọ̀dù oníjà wọ̀nyẹn nínú K. 141, gìtá ni mo ń gbọ́, gìtá ẹni tó jókòó sí ìta, tí àwọn ènìyàn ń jó yí i ká. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ orin yìí náà gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe àlá lásán. Charles Burney, ará England tó rin ilẹ̀ Yúróòpù já nítorí ìtàn orin, bá oníṣègùn kan pàdé ní Vienna, L'Augier lorúkọ rẹ̀, tó mọ Scarlatti dáadáa. Oníṣègùn náà sọ fún un pé ọ̀pọ̀ ibi wà nínú orin Scarlatti tó ti ń sín orin àwọn alárù, àwọn tó ń da ìbaaka, àtàwọn mẹ̀kúnnù jẹ. Ó tún sọ ohun kan tí mo fẹ́ràn gan-an: pé Scarlatti mọ̀ dájú pé òun ń rú òfin orin kíkọ nínú àwọn orin wọ̀nyí. Ó béèrè bóyá rírú tí òun rú u ń dun etí. Wọ́n ní rárá. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí òfin mìíràn tó yẹ kí ẹni tó lẹ́bùn fiyè sí ju kó má dun etí, nítorí etí ni wọ́n ń kọrin fún. Burney tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde lọ́dún 1773.

Ẹ rí i pé ọ̀gbẹ́ni náà mọ ohun tó ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Longo fi máa ń dùn mí. Iṣẹ́ ńlá ló ṣe, àwọn tó ń tẹ píánò kò bá má rí ọ̀pọ̀ nínú sònátà wọ̀nyí bí kì í bá ṣe tirẹ̀. Àmọ́ nígbà tó bá débi tí ohùn ti ń jà, ó máa ń rò pé adàwékọ ló ṣàṣìṣe, á sì tún un ṣe. Á yọ ohùn kan kúrò, á sún òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́, títí kọ́ọ̀dù á fi mọ́. Ó fọ ọbẹ̀ mọ́ kúrò lára ẹran. Àwọn ìwé rẹ̀ yẹn ni àwọn ènìyàn fi kọ́ Scarlatti fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, ọ̀pọ̀ ṣì ń lò ó. Bí ẹ bá ra ìwé sònátà, tí kọ́ọ̀dù inú rẹ̀ mọ́ jù lójú yín, ẹ wo ẹni tó ṣètò rẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún kù. Kíkà orin yìí jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta: ení, èjì, ẹ̀ta. Nínú ení-èjì-ẹ̀ta kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ìka máa ń kan eyín kan náà kó tó sún lọ síbòmíràn, orin náà sì ń sáré. Ìka kan ṣoṣo kò lè ṣe é. Á rẹ̀ ẹ́, apá á le gbagidi. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á máa pààrọ̀ ìka lórí eyín kan yẹn: ìka àárín á kàn án, ìfábẹ̀lá á tẹ̀lé e, àtàǹpàkò á gbà á, a tún padà sí ìka àárín. Bí ẹni ń fi ìka họ nǹkan kúrò lára tábìlì ni. Ẹ gbé ọwọ́ lé tábìlì tó wà níwájú yín, kí ẹ dán an wò: àárín, ìfábẹ̀lá, àtàǹpàkò, àárín, ìfábẹ̀lá, àtàǹpàkò. Ẹ máa yára díẹ̀díẹ̀. Ibi tí yóò ti dàrú mọ́ yín lọ́wọ́, Scarlatti ṣì yára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló dé tó fi ń tún ohùn kan sọ? Ìdáhùn náà tún wà nínú ikùn ohun èlò. Ìró hápísíkọ́ọ̀dù kì í pẹ́. Wọ́n ta wáyà, ó ké, ó ti ń kú lọ. Kò lè fa ohùn bí ọ́gàánì, kò lè fà á bíi gòjé. Àwọn tó ń ta gìtá àti màndólínì, ohun èlò olókùn kékeré tó jọ gìtá, ní ìṣòro yìí kan náà, wọ́n sì ti rí ọgbọ́n ta sí i: bí ohùn kò bá pẹ́, tún un ta, kó tó kú, kó dà bíi pé kò dáwọ́ dúró. Ọgbọ́n yẹn ni Scarlatti gbé sórí dùùrù. Ọwọ́ òsì ń gbá okùn bí onígìtá, ọwọ́ ọ̀tún ń mi ohùn bí onímàndólínì. Ènìyàn kan ṣoṣo ló jókòó, àmọ́ ẹgbẹ́ kan ló ń ṣeré.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé àwọn dán an wò lórí píánò ilé àwọn, eyín náà kò sì dìde kíá fún ìka kejì. Òótọ́ ni wọ́n sọ, kì í ṣe ìka wọn ló lẹ́bi. Òòlù inú píánò ní láti padà sẹ́yìn kó tó lè lu wáyà lẹ́ẹ̀kejì. Ọdún 1821 ni Sébastien Érard, tó ń ṣe píánò ní Paris, gbàwé ẹ̀tọ́ fún ọgbọ́n kan tó jẹ́ kí òòlù lè tún lu wáyà láìjẹ́ pé eyín kọ́kọ́ dìde tán. Píánò ńlá tó dùbúlẹ̀ ní ọgbọ́n náà. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó dúró lóòró, tí a fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, kò ní i. Ní ti Scarlatti, píánò kì í ṣe àjèjì pátápátá sí i: wọ́n ti ṣe é ní Florence láti nǹkan bí ọdún 1700, Maria Bárbara sì ní márùn-ún. Àmọ́ nígbà tó kú lọ́dún 1758, tí wọ́n ka ẹrù rẹ̀, méjì nínú márùn-ún náà ni wọ́n ti sọ di hápísíkọ́ọ̀dù. Mo rò pé ìyẹn sọ ibi tí ọkàn wọn wà.

Bí orin náà ṣe tò kò le. Apá méjì ni. Wọ́n á tẹ apá kìíní, wọ́n á tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á tẹ apá kejì, wọ́n á tún òun náà tẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kò gbàgbé pé òun ti tẹ̀ ẹ́. Àmì àtúntẹ̀ ló wà nínú ìwé. Ẹlòmíràn á fo àtúntẹ̀ náà, orin á wá kúrú. Apá kìíní á gbéra láti kíì ilé, á jáde, á sì parí sí kíì mìíràn, bí ẹni tó kúrò nílé tó sì sun ilé àlejò. Apá kejì á bẹ̀rẹ̀ láti ìdálẹ̀ yẹn, á ṣáko lọ síbi tí a kò retí, ibẹ̀ gan-an sì ni Scarlatti ti máa ń ṣe bó ṣe wù ú jù, kó tó wá darí sílé. Ohun tí ó yẹ kí ẹ dẹtí sí ni ìrù rẹ̀: ọ̀nà tó gbà parí apá kìíní ni yóò gbà parí apá kejì, orin kan náà, àmọ́ ní kíì ilé. Etí tí kò tiẹ̀ mọ orúkọ kíì kankan á mọ̀ pé nǹkan kan ti padà sípò. Bí sònátà Scarlatti ṣe máa ń rí nìyẹn, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. Ẹni tó bá mọ ti ọ̀kan ti rí ọ̀nà wọ èyí tó pọ̀ jù nínú 555.

Wọ́n máa ń ka Scarlatti mọ́ àwọn ará ìgbà Baroque, ìyẹn orin Yúróòpù láti nǹkan bí ọdún 1600 sí 1750, nítorí ọdún tó gbé ayé. Àmọ́ ẹni tó bá ń retí irú orin Bach, níbi tí ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ń lépa ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, á ṣi ọ̀nà níbí. Scarlatti lè kọ irú ìyẹn, ó sì kọ díẹ̀. Àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú Essercizi, ó ní kí àwọn tó bá fẹ́ kà á má retí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, kí wọ́n retí eré ọlọ́gbọ́n tí ènìyàn ń bá iṣẹ́ ọnà ṣe. K. 141 kì í yanjú ọ̀rọ̀ fún wa, kì í wàásù. Ara ló wà nínú rẹ̀: ìka, okùn, ẹsẹ̀ tó ń tẹ ilẹ̀.

Ta ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́? Scott Ross, ọmọ Amẹ́ríkà tó gbé ní Faransé, gba gbogbo sònátà 555 náà sílẹ̀ lórí hápísíkọ́ọ̀dù láàárín ọdún 1984 sí 1985, nígbà tí Scarlatti pé 300 ọdún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí etí yín lè mọ títa. Ẹ wá lọ bá Martha Argerich, ọmọ Argentina, lórí píánò. Ó fẹ́ràn K. 141, òun ló sì máa ń fi dá àwọn èrò lọ́lá lẹ́yìn tí eré bá ti parí, tí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ tí wọn kò fẹ́ kó lọ. Eré sísá tirẹ̀ yà mí lẹ́nu títí dòní. Nítorí pé píánò lè rọra dún, kò nílò ìjà kọ́ọ̀dù yẹn láti tẹnu mọ́ nǹkan, ohùn ọwọ́ ọ̀tún á wá mú tọwọ́ òsì wọlẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ti Ross tẹ́lẹ̀, ẹ máa mọ ohun tí ẹ ó wá níbẹ̀.

Bí kíbọ́ọ̀dù bá sì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín tàbí nílé, ẹ má wulẹ̀ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ohùn tí wọ́n kọ Harpsichord sí lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù ló ní i, ó sì máa ń wà nítòsí àwọn ohùn píánò. Ẹ fi ọwọ́ òsì di D, F, A mú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi E kún un, àtàǹpàkò lè tẹ méjì pọ̀ bí ìka kò bá tó. Ẹ fi G kún un. Ẹ wá gbá a, kí ẹ sì tètè gbọ́wọ́ kúrò, ní ení nìkan, kí ẹ fi èjì àti ẹ̀ta sílẹ̀ lófo. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún wọlé sórí D kan lókè: àárín, ìfábẹ̀lá, àtàǹpàkò.